Bàbá Eléyín, Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Kẹ́yìn Nínú Igbó Ẹranko: Ìkẹ́dùn Wa Sí Ọmọ Rẹ̀ àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Aláàánú

Sí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Eléyín bí, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti sí gbogbo ẹbí

Ẹ̀yin ẹni wa ọ̀wọ́n,

Ọkàn wa gbọgbẹ́, ọwọ́ wa sì ń lọ́ra, bí a ti jókòó láti kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ẹni tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ̀ sí Bàbá Eléyín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí a ti sin ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ti dé ọwọ́ yín ṣáájú àsìkò yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ bi alága wa nílé bàbá yín, lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí a lè kọ gbólóhùn méjì, kí a buwọ́ lù ú, kí a sì máa lọ. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wo nínú yín ló máa ń sùn níbí?"

Alága wa wolẹ̀. Ìdáhùn náà la mú wá lónìí, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn àti pẹ̀lú ìtìjú.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ gbà wá láyè kí a sọ irú ẹni tí ó jẹ́ láàrin wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni bàbá yín fi ṣe eyín àtọwọ́dá nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín. Yàrá náà kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná kékeré tó fi ń yọ́ ìda, àwọn ayùn wẹ́wẹ́, àti pẹpẹ gígùn kan tí àwọn ẹnu tí wọ́n fi ẹfun pípò mọ tò lé lórí, tí gbogbo wọn la sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Aláìsàn kì í wọ ibẹ̀. Dókítà ló ń rí wọn níwájú; àwòrán ẹnu wọn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè wọ ibẹ̀ láàárọ̀, kó jáde nírọ̀lẹ́, kí ohùn rẹ̀ má tíì là rárá.

Ó ti tó nǹkan bí ọdún méjì tí ìyá yín ti kú nígbà tí bàbá yín rí ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn náà. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ wa ń fi ọjọ́ márùn-ún gun kẹ̀kẹ́ la igbó tí ìjọba fi pamọ́ fún ẹranko já, lórí òkè àti nínú àfonífojì, àti pé àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ń dáwó fún gbogbo máìlì tí a bá gùn, kí a lè fi tọ́jú àwọn ọmọ tí a bí tòun ti ètè tó là tàbí àjà ẹnu tó lu. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gun kẹ̀kẹ́ kan wá bá wa ní ilé epo tí a ti máa ń pàdé. Kẹ̀kẹ́ náà ti dípẹtà, agbọ̀n wà níwájú rẹ̀, agogo rẹ̀ kò sì dún mọ́.

Alága wa ní, "Bàbá, òkè la fẹ́ gùn o. Ọjà kọ́ là ń lọ." Ó wá fi táyà kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ hàn án. "Ṣé ẹ rí i? Tiwa léyín."

Bàbá yín tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò yẹ táyà náà wò títí. Ó ní, "Eyín yìí jókòó dáadáa. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò lè bú ẹni tó ṣe é."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ọjọ́ náà ló di Eléyín. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ló wà lọ́jọ́ náà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn aláwàdà inú wa yí orúkọ náà po, wọ́n ní Ẹlẹ́yìn ni. Inú rẹ̀ dùn sí méjèèjì. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, ó ti ra kẹ̀kẹ́ gidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti le débi pé ó lè fi ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀. Alága ní kó wá máa ṣíwájú. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹni tó wà níwájú, igbó ló ń rí. Ènìyàn ni èmi fẹ́ máa rí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di olùtọ́jú ẹ̀yìn fún wa. Bí ṣéènì ẹnikẹ́ni bá já, bàbá yín á dúró tì í. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá di, á bọ́ sílẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún, á ní òun náà ti fẹ́ nasẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrìn-àjò márùn-ún ló bá wa lọ. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó dé ẹnubodè igbó lẹ́yìn rẹ̀ rí.

Ó tún ṣe ohun kan tí ó ju kẹ̀kẹ́ gígùn lọ, ohun tí kò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ láàrin wa. Lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́, a lọ kí àwọn ọmọ náà nílé ìwòsàn. Ìyá kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́. Àjà ẹnu ọmọ náà lu, nítorí náà kò lè fa ọmú; gbogbo wàrà tí wọ́n bá fún un ń gba imú jáde. Ó kéré jù fún iṣẹ́ abẹ, ó sì ń rù lọ. Àwa tó kù kí ìyá náà, a sì kọjá. Bàbá yín kò kọjá. Ó lọ bá dókítà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wọn àjà ẹnu ọmọ náà. Nínú yàrá kékeré yẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe àwo pélébé kan tí yóò bo ojú ihò náà. Ó ń há etí rẹ̀, ó ń fi ahọ́n ara rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ń tún un há, títí ahọ́n rẹ̀ kò fi rí ibi mímú kankan mọ́. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí wọ́n fi í sẹ́nu ọmọ náà, ọmọ fa ọmú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sọ fún wa pé ìyá ọmọ náà di ọwọ́ bàbá yín mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ó ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ mọ́kànlélógójì. Bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà, àwo náà á kéré fún un, bàbá yín á tún ṣe òmíràn. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró wo ọmọ náà bó bá ń mu wàrà.

Ìrìn-àjò ẹlẹ́ẹ̀kẹrin la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta nínú igbó ni, lójú ọ̀nà olókùúta kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tẹ bíréèkì iwájú lójijì, kẹ̀kẹ́ gbé e ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Àwa tó kù ti kọjá òkè, a kò gbọ́ igbe rẹ̀. Bàbá yín ló dé bá a. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n máa ṣe, agbo erin kan ti jáde, ìyá àti ọmọ, wọ́n dúró gbágbá sójú ọ̀nà tí a gbà, wọ́n ń já ewé jẹ láìkánjú rárá.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ odò, kí ẹ lọ pe àwọn aṣọ́gbó."

Ó ní, "Kí n fi yín sílẹ̀, kí n wá máa bá ta ni sọ̀rọ̀ lọ́nà?"

Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ tó yẹ̀ náà, ó sì jókòó tì í lẹ́yìn àpáta láti ọ̀sán gangan títí oòrùn fi ń lọ wọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, kí erin má baà gbọ́, kí ẹ̀rù má sì bà á. Nọ́ọ̀sì wa kò gbàgbé ọ̀kan nínú ohun tó sọ. Ó ní, "Ó kéré tán, ìdajì àwọn àgbàlagbà ìlú wa ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹun. Mi ò sì mọ ojú ẹnìkan nínú wọn. Bí mo bá ń lọ lójú pópó, mo máa ń wo ẹnu àwọn ènìyàn. Àfi bí ẹnìkan bá ṣèèṣì rẹ́rìn-ín ni mo fi ń mọ̀ pé, háà, ọ̀rẹ́ mi nìyí."

Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, "Ilé ńkọ́, Bàbá? Ta lẹ̀ ń bá gbé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé mi kún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi, kì í jẹ́ kí n simi. Ọmọ mi ń pè lálaalẹ́, àwọn ẹbí ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kódà, inú igbó yìí ni mo ti ń rí àyè gbọ́ èrò ọkàn ara mi."

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn aṣọ́gbó tí a rán padà láti wá wọn dé tí ariwo rẹ̀ sì lé àwọn erin náà wọ igbó lọ, nọ́ọ̀sì wa sọ fún gbogbo wa bí ilé Bàbá Eléyín ṣe kún tó. Ohun tí a sì gbàgbọ́ nìyẹn. Bí ìpàdé bá parí, tí a bá ní kó bá wa jókòó díẹ̀ sí i, á ní wọ́n ń retí òun nílé. Bí a bá ní a máa wá kí i, á ní ibi ìjókòó kò tó, kí a jẹ́ kí àwọn àlejò dínkù ná.

Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, a ti gbọ́ apá tiyín lẹ́nu yín. Iṣẹ́ gbé yín lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ sì máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ wá bá a gbé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sọ fún yín pé, "Ìyá mi, má wulẹ̀ dààmú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ti gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́. Méjì nínú wọn ń sùn ní yàrá kejì. Ibo ni mo fẹ́ fi ọ́ sí?" Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì sọ fún wa pé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn yín, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹ ti dé ìlú yìí kẹ́yìn.

Ìdáhùn wa nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó sùn ní yàrá náà rí. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó wọ ilé náà rí kó tó di ọjọ́ tí a wá gbé e. Ẹ̀yin lẹ rò pé a wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa rò pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Àárín méjèèjì ni bàbá yín ń gbé, òun nìkan. Alága wa rí tábìlì tó wà nínú yàrá kejì yẹn. Àga tuntun mẹ́rin yí i ká. Mẹ́ta nínú wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n láti ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù ló wúwo jù lẹ́nu wa. Nígbà tí a ṣèpàdé lórí ìwé yìí, ẹnìkan dìde, ó ní, "Ìwé ìkẹ́dùn kì í ṣe ibi tí a ti ń jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a yin ẹni tó kú, kí a sì gbàdúrà." Nọ́ọ̀sì wa ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bí a bá kọ ọ́ pé a wà pẹ̀lú rẹ̀ dópin, ọmọ rẹ̀ á máa wá ẹni tó wà níbẹ̀ kiri títí ayé." Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nítorí náà la ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, nírọ̀lẹ́, ni bàbá yín kú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kò jẹ̀rora. Nígbà tí Sátidé dé, a pàdé ní ilé epo bí ìṣe wa, a kò rí i. A pè é, tẹlifóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ẹnìkan ní, "Ọmọ rẹ̀ ló máa wá." Ẹlòmíràn ní, "Àlejò ti pọ̀ jù nílé rẹ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi dúró. Lẹ́yìn náà a gun kẹ̀kẹ́ wa, a lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ṣàkíyèsí pé aṣọ tí bàbá yín sá láti Ọjọ́bọ̀ ṣì wà lórí okùn, tó sì lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán dúró ti ẹlòmíràn níwájú erin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la rí fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi bo èyí mọ́lẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹ rò pé irọ́ ni gbogbo ayé tó gbé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ là wá lóye pé láti kékeré ni kì í ti í fẹ́ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ilé tó kún yẹn ni bàbá yín fi tú ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò purọ́ rẹ̀ fún wa rí, ìfẹ́ tó ní sí yín ni. Kò sí Sátidé kan tí a kò gbọ́ ìròyìn yín. A mọ ọjọ́ tí ẹ yege ìdánwò yín. A mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn òjò. A mọ̀ pé ẹ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí eyín àkọ́kọ́ yín yọ, tí ẹ ní kó bá yín lẹ̀ ẹ́ padà, tó sì bá yín fi ìda lẹ̀ ẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sí ẹni tó fi yín hàn wá. A ti mọ̀ yín.

Ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò lórí ohun mélòó kan. Iṣẹ́ àwo àwọn ọmọ náà kò ní dáwọ́ dúró: owó ìrìn-àjò tó ń bọ̀ yóò wà fún kíkọ́ àwọn oníṣẹ́ eyín méjì tí yóò máa ṣe é, ilé ìwòsàn eyín sì ti gbà pé kí wọ́n lo yàrá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti alága wa yóò máa wá kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé yín lóṣooṣù, wọn yóò sì máa gbé yín lọ tọ́jú orúnkún. Ní ti ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, a ti kọ nọ́ńbà tẹlifóònù àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sẹ́yìn ìwé yìí. A óò máa pè yín. Bí ẹ bá sì ní kò sí nǹkan, ara le, ẹ má bínú sí wa, a óò tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwo mẹ́ta wà lórí tábìlì bàbá yín lọ́jọ́ tó kú, ó ti parí wọn, ó sì ti kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ọmọ kọ̀ọ̀kan sára àpò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kó wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n bá àwọn ọmọ náà mu láìsí ọ̀kan tí wọ́n tún há. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọn, ọmọbìnrin kan tí kò mọ bàbá yín rí, ní kí a bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. A sọ òtítọ́ fún un. Ọmọ náà ń mu wàrà lọ. Ìyá náà wá bi wá bóyá ẹni náà bímọ. A ní ó bí ọ̀kan, obìnrin ni. Kò béèrè orúkọ yín. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tirẹ̀, ó sì gbàdúrà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún kò ní èyí tó jù ú lọ, nítorí náà la ṣe gbé e wá fún yín bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Ọlọ́run, ọmọ ẹni tó bá mi bọ́ ọmọ mi, níbikíbi tó bá wà lálẹ́ òní, jọ̀ọ́, lọ jókòó tì í."

Àmín.